Àpá Ojú Àwo: Ìtàn Sídìí àti Àwọn Oògùn Ilé tí a fi ń Wò Ó



Nígbà tí mo mú orí-ọ̀rọ̀ yìí tọ àwọn tí ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa lọ, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rò pé ogun Kírìjì, tàbí ìtẹ̀dó ìlú, ni òpìtàn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí; kí ni ti òpìtàn ti jẹ́ nínú ọṣẹ ìfọyín àti àwo tí ó họ? N kò bá a jiyàn. Èsì tí mo fún un ni pé òpìtàn kò lè mọ̀ ju ohun tí ó wà nípamọ́ lọ, àti pé ohun tí a fi nǹkan pamọ́ sí ní ìtàn tirẹ̀. Bí àpò bá lu, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ní pẹ́ jò dànù. Ìtàn àpò náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi. Ní ọdún 1986, mo gba ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà ni gbogbo agboolé ń pè é. Ó jókòó lórí àpótí, ó sì ki oríkì ìdílé wa fún ìṣẹ́jú 58. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ-osú: ta ni ó ti ìlú wo wá, ta ni ó ń ta aró, ta ni ó fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ rẹ̀ padà kúrò nínú ìwọ̀fà. Kò sí ìwé kọ́ọ̀tù tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé ìrìbọmi. Ìyá Àgbà kú ní ọdún 1991.

Ní ọdún 2004, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ilé-ìtajà kan nígboro, wọ́n dà á kọ sórí àwo sídìí fún mi. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti gbọ́ pé sídìí kì í gbó. Kò pẹ́ tí ọmọ kan nínú ilé fi gba eré bọ́ọ̀lù láti inú rédíò lé kásẹ́ẹ̀tì náà lórí; n kò tilẹ̀ bá a wí, nítorí mo rò pé àwo wà. Ní ọdún 2011, àwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Aládùúgbò mi kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín ra á. Mo mú ìnura, mo fi ọṣẹ sí i, mo sì fi gbogbo agbára mi ra ojú àwo náà ní òbírípo, tẹ̀yìn-tojú. Ìhà tí ń dán kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìhà kejì, níbi tí mo kọ orúkọ Ìyá Àgbà sí, ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ohun kan tí ó dà bí fàdákà sì ń bá a lọ mọ́ ìnura. Ìṣẹ́jú méje tí ó gbẹ̀yìn ni ó bá a lọ. Èyí ni pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ilé wa ni mo fi ọwọ́ ara mi nù kúrò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kó wá fún yín.

Àwo Ṣáájú Sídìí

Kì í ṣe orí sídìí ni àwa Yorùbá ti kọ́kọ́ mọ ohun tí ń jẹ́ àwo orin. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sórí àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo ìgbà náà máa ń yí ní ìgbà 78 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí kòkòrò kan ń pọ̀ sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn a lọ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí ó lè le. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó di àfọ́kù. Abẹ́rẹ́ irin ni ó sì ń rìn lójú rẹ̀. Bí a bá ti ń lù ú ni abẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́. Ní ọdún 1948, ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá tí a fi fínílì ṣe jáde, èyí tí kì í tètè fọ́. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ kò kúrò níbẹ̀.

Àwo wọ̀nyí ni ó kọ́ àwọn bàbá wa ní oògùn ilé. Bí àwo bá ń fò, wọn a gbé owó kọ́bọ̀ lé orí apá tí ó di abẹ́rẹ́ mú, kí ó lè wúwo, kí ó má baà kúrò lójú ọ̀nà. Bí eruku bá bò ó, wọn a fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963, oògùn tirẹ̀ tún dé: a ń fi bírò yí i bí okùn rẹ̀ bá tú, a sì ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ bí ó bá já. Gbogbo ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí ni ó mọ ohun tí mo ń wí.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí nínú gbogbo èyí ni pé ojú lásán ni a fi ń rí àìsàn àwọn ohun-èlò wọ̀nyí. Ẹni tí ó ń wo àwo fínílì rí ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Ẹni tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já rí ibi tí ó ti já. Sídìí ni ó kọ́kọ́ gba agbára yìí lọ́wọ́ wa.

Bí Sídìí Ṣe Dé

Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Holland àti Sony ti ilẹ̀ Japan pa ọwọ́ pọ̀ láti ṣe irú àwo tuntun kan. Ní ọdún 1980 wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ nínú ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní Ìwé Pupa nítorí àwọ̀ èèpo rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ kan ní Langenhagen, lẹ́bàá ìlú Hannover ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwo náà fún títà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tí ń lù ú ní ilẹ̀ Japan.

Ìpolówó ìgbà náà ṣe ìlérí ńlá. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò ní àbàwọ́n, àti pé títí láé ni. Apá kan òótọ́ wà nínú ìlérí náà, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ tí ń jẹ ojú àwo mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń kà á. Bí a bá lu àwo kan ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, lílù náà kò lè gbó o. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò lè dáàbò bo àwo lọ́wọ́ ọmọdé, lọ́wọ́ yanrìn, tàbí lọ́wọ́ èmi oníìnura.

Bí Àwo Náà Ṣe Ń Sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí, nítorí ẹni tí kò mọ ara kò lè wo àrùn. Àwo sídìí fẹ̀ ní mílímítà 120 láti etí dé etí, ó sì nípọn ní mílímítà 1.2. Ike líle kan tí ń jẹ́ polycarbonate, tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lórí ike yìí ni a tẹ àwọn kòtò wẹ́wẹ́ sí, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, láti àárín lọ sí etí. Bí a bá na ọ̀nà náà tán, ó lé ní kìlómítà 5. Lórí àwọn kòtò yìí ni a da alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé, òun ni ó ń dán bí dígí. Lẹ́yìn náà ni a fi ọ̀dà tín-ín-rín kan bo alumíníọ́mù, orí ọ̀dà yìí ni a sì ń kọ orúkọ olórin sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí yìí ni àṣìṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. A rò pé ìhà tí ń dán, tí a ń dà délẹ̀, ni ọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Abẹ́ ibi tí a kọ orúkọ sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ohun tí ó sì bò ó níbẹ̀ kò nípọn tó bébà. Láti ìhà tí ń dán, ike mílímítà 1.2 ni ó wà láàárín ọwọ́ wa àti ọ̀rọ̀ náà.

Ìmọ́lẹ̀ lésà ń wọlé láti abẹ́, ó ń la ike kọjá, ó ń kan alumíníọ́mù, ó sì ń padà. Níbi tí ó ti ń wọ inú ike, ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀ tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mílímítà. Nígbà tí ó bá fi dé ìdí kòtò, ó ti kóra jọ, kò tilẹ̀ fẹ̀ tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Nítorí náà ni eruku kékeré kì í fi í ṣe é ní nǹkan kan. Ó dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé gíláàsì tí ó ń wo òkè Olúmọ: ẹ̀kán omi kan lára gíláàsì kò ní kí ó má rí òkè.

Ààbò kejì wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Amẹ́ríkà, Irving Reed àti Gustave Solomon, gbé ọ̀nà kan jáde tí a lè fi ṣe àtúnṣe iṣẹ́ tí a rán bí apá kan rẹ̀ bá sọnù lọ́nà. Àwọn tí ó ṣe sídìí mú ọgbọ́n yìí lò, wọ́n sì fi òmíràn kún un: wọ́n tú ọ̀rọ̀ ká. Ó dà bí ọba tí ó fẹ́ rán iṣẹ́ kan tí kò sì fẹ́ kí ó sọnù: ó pín ọ̀rọ̀ náà fún ìránṣẹ́ púpọ̀, ó sì fún olúkúlùkù ní díẹ̀ nínú tí ẹnìkejì. Bí ọlọ́ṣà bá dá ọ̀kan nínú wọn lọ́nà, àwọn tí ó dé yóò lè pe ọ̀rọ̀ náà tán. Nípa ọ̀nà yìí, bí ibi tí ó gùn tó mílímítà 2.5 bá bàjẹ́ pátápátá lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ lè tún un ṣe, etí kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yóò fojú díwọ̀n ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwo yóò fò.

Èyí ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí àpá kan fi yàtọ̀ sí èkejì. Àpá tí ó lọ tààrà láti àárín sí etí dà bí odò tí ó gba ìdábùú ọ̀nà kọjá. Arìnrìn-àjò lè fò ó, kí ó máa lọ. Àpá tí ó bá ojú ọ̀nà lọ ní òbírípo dà bí àgbàrá tí ó wọ́ gbogbo ojú títì lọ. Arìnrìn-àjò kò rí ibi tẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: àwo méjì lè họ bákan náà lójú wa, kí ọ̀kan máa kọrin, kí èkejì yadi.

Àwọn Oògùn Ilé

Nísinsìnyí a lè yẹ àwọn oògùn náà wò. Mo pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni àwọn tí ń dán ojú ike. Ọṣẹ ìfọyín wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Brasso tí àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ-ogun fi ń dán bọ́tìnì idẹ wọn. Nínú ọṣẹ ìfọyín, ẹfun tàbí yanrìn tí a lọ̀ kúnná wà níbẹ̀, òun ni ó ń ha èérí kúrò lára eyín. Kì í dí àpá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ etí àpá náà, tí ó fi ń tẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá láìṣẹ́rí. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn agbẹ́gilére wa ti ń fi ewé ìpín dán ère kí a tó gbọ́ orúkọ ike rí. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé a kì í fi ìpín gígan bẹ̀rẹ̀ sí í dán ohun tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀lọ̀. Ọṣẹ tí ó funfun, tí ó kúnná, ni ó yẹ. Èyí tí ó ní hóró nínú yóò fi àpá tuntun kún ti àtijọ́.

Èkejì ni àwọn tí ń dí àpá. Faselíìnì àti ìda tí a fi ń kun mọ́tò wà níbí. Wọ́n ń kún inú àpá náà, ìmọ́lẹ̀ yóò sì ṣe bí ẹni pé ike ni. A ó fi òwú ra á tín-ín-rín, a ó sì nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù kúrò. Oògùn tí kì í pẹ́ ni. Ó ń kó eruku, ó sì ń lọ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré, wákàtí kan náà ti tó fún ẹni tí ó gbọ́n láti da ohun tí ó wà níbẹ̀ kọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí n kò rí ìdí wọn. Àwọn kan ní kí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ra ojú àwo, kí a sì fi inú èèpo rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní kí a fi àwo sínú fìrísà mọ́jú. Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, aṣọ tí a fi nù ún gbẹ̀yìn ni mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí púpọ̀ nínú àwo tí a ń pè ní aláìsàn, ìdọ̀tí ọwọ́ ni ó wà lójú wọn. Ní ti fìrísà, òtútù kì í dí kòtò. Ìrì tí ó ń sẹ̀ sára àwo nígbà tí a bá mú un jáde kò sì ṣe é ní oore.

Bí a ṣe ń nu àwo ṣe pàtàkì ju ohun tí a fi ń nù ún lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí a kọ́kọ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ṣan yanrìn kúrò. Kí a wá aṣọ òwú tí ó rọ̀. Kí a máa nù ún láti àárín lọ sí etí, bí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ṣe tò. Kí a má ṣe nù ún ní òbírípo, nítorí bí ọwọ́ wa bá dá àpá sí i, yóò jẹ́ àpá tí ó gba ìdábùú ọ̀nà. Kí a má fi tínà tàbí pẹtiróòlù kàn án, nítorí wọ́n lè sọ ike náà di fúnfun kí ó sì sán.

Àìsàn tí Oògùn Ilé kò Ràn

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Àpá ìhà tí ń dán, làpálàpá ni. Ẹ̀tẹ̀ ni èyí tí ó bá wà ní ìhà orúkọ. Bí a bá gbé àwo sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí a sì rí ihò wẹ́wẹ́ tí oòrùn ń gbà wọlé, alumíníọ́mù ti lọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bá a lọ. Kò sí ọṣẹ tí ó lè dá a padà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àwo pàápàá lè ṣèṣì: àwọn àwo kan tí a tẹ̀ ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1988 sí 1993 bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí idẹ láti etí wọn wá, nítorí pé ọ̀dà tí ó bò wọ́n kò lè dènà ohun tí ó ń jẹ alumíníọ́mù.

Àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé tàbí ní ilé-ìtajà tún yàtọ̀. Kò ní kòtò. Aró kan ni ó wà nínú rẹ̀ tí lésà ń jó ní àmì-àmì. Ẹ̀yin ọmọ aláró mọ̀ pé oòrùn máa ń ṣá aró. Irú àwo yìí ni ti Ìyá Àgbà.

Sídìí Láàárín Wa

Ní ọdún 1993, a fi ìlànà fídíò sídìí lélẹ̀, ó sì gba ọjà ní ilẹ̀ Éṣíà àti lọ́dọ̀ wa ju bí ó ti gbà á ní Amẹ́ríkà lọ. Láàárín ọdún 2000 sí 2015, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Yorùbá ti ń jáde láti Ìdúmọ̀tà àti Alábà ní ìlú Èkó. Nítorí pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni àwo kan ń gbà, àwo méjì ni fíìmù kan sábà máa ń jẹ́. Àwo kan náà a máa ti ilé-ìyáfíìmù dé ilé mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìsí èèpo tí ó bò ó. Ààbò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwòrán rẹ̀ sì kéré sí ti àwo tí a ń fi pa ìwé kọ̀ǹpútà mọ́. Nítorí náà ni ojú òṣèré fi máa ń fọ́ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, tí àwòrán a sì dúró gbagidi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti rí i.

Àtúnṣe ilé kì í ṣe eré nígbà náà. Ẹni tí ó yá àwo tí ó sì bà á jẹ́ yóò san owó rẹ̀. Ẹni tí ó ra orin fújì tàbí ìwàásù kò ní owó láti ra òmíràn. Bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu aládùúgbò ni ó ń gbìyànjú rẹ̀ wò. N kò bú wọn. Ìmọ̀ náà ń rìn, ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni àlàyé ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó sọ ti ọṣẹ ìfọyín fún mi kò purọ́; kò kàn mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ ìhà tí mo máa fi í sí.

Ìgúnlẹ̀

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, àtúnṣe kì í ṣe ìpamọ́. A ń tún àwo ṣe kí a lè rí àyè da ohun inú rẹ̀ kọ, a kì í ṣe é kí a lè tún gbé e sọ sínú àpótí. Ẹ̀kejì, kò sí ohun-èlò tí ó jẹ́ títí láé. Àwo fọ́, kásẹ́ẹ̀tì já, sídìí họ. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí yóò ní àìsàn tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ju ti àtijọ́ nù nítorí pé ti tuntun dé. Bí mo bá ti pa kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1986 mọ́ ni, ẹ̀dùn mi ì bá kéré.

Mo bẹ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa àti gbogbo ẹni tí ó ní ohùn àwọn àgbà nílé: ẹ kó àwo yín jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ dà á kọ sí ibi méjì, ó kéré tán, kí ó tó ṣàìsàn. Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé.

Ní tèmi, mo ti gba ìṣẹ́jú 51 padà lára àwo náà pẹ̀lú omi, aṣọ òwú àti faselíìnì díẹ̀, mo sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo tọ ọmọ Ìyá Àgbà obìnrin lọ nípa ìṣẹ́jú méje tí ó kù. Ó jókòó, ó ronú, ó sì rántí orúkọ obìnrin mẹ́rin. Ó ní àwọn yòókù wà lẹ́nu ìyá òun, òun kò bi í nígbà tí ó wà láyé. Orúkọ mẹ́rin náà wà nínú ìwé mi báyìí. Iye àwọn tí ó kù ni n kò lè sọ fún yín.